"Nonplussed": ṣé ẹni tọ́rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀ ni àbí ẹni tí ò bìkítà?

Àbẹ̀kẹ́ Marina

Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí.

Sólà àti ínfátà là ń tà ní ọ́fíìsì wa níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá èmi àti ọmọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọdá sí Súrùlérè lọ bá kọ́sítọ́mà kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì, a gbé kòtéṣọ̀n fún un. Bí bàbá yẹn ṣe rí iye tó wà nísàlẹ̀ pépà, ó yọ awò ojú ẹ̀, ó tún un wọ̀, ó yí pépà yẹn padà wò bóyá nǹkan míì wà lẹ́yìn ẹ̀, ló bá dákẹ́. Ẹ gbọ́ mi o, a mu mọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé fún wa tán, ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu ẹ̀. Kò ní ó wọ́n, kò ní ó pọ́ọ̀kú, ó ṣáà ń wo fáànù tó ń yí lókè.

Nígbà tí mo padà dé mo kọ íméèlì sí ọ̀gá wa, mo ní "the client was nonplussed by the figure". Lọ́kàn tèmi mo ti sọ ohun tójú mi rí gẹ́lẹ́. Ọ̀gá wa yìí lo nǹkan bí ogún ọdún ní Houston l'Amẹ́ríkà kó tó padà wálé, ohun tóun kà níbẹ̀ ni pé owó yẹn ò jọ bàbá yẹn lójú, pé kò tiẹ̀ mì ín. Ló bá fi owó gbígbé ẹrù àti owó àwọn tó máa so wáyà lé e lórí, ó fi kòtéṣọ̀n tuntun ránṣẹ́ sí bàbá yẹn láìsọ fún mi. Ẹ má wulẹ̀ bi mí ohun tí bàbá yẹn sọ fún mi lórí fóònù, ọmọ ń bẹ níbí tó ń kàwé.

Ní báyìí ọ̀gá ní èmi ni mo ṣi òun lọ́nà. Mo wo díkíṣọ́nárì tó wà lórí fóònù mi, ó ní ẹni tó nonplussed lẹni tí nǹkan yà lẹ́nu débi pé kò mọ ohun tó máa ṣe. Mo tún wo òmíì, ó kọ ìyẹn náà, ó wá tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó lè jẹ́ ẹni tí nǹkan ò ta lára. Ọ̀rọ̀ kan náà! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Níbo ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ta ló sì jàre láàrin èmi àti ọ̀gá? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé, mo gbọ́dọ̀ dá íméèlì yẹn lóhùn kí n tó ṣíwọ́.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Sísí, ta ló rán ẹ níṣẹ́ nonplussed? Ṣé "bàbá yẹn ò sọ̀rọ̀" ò ṣeé kọ ní gẹ̀ẹ́sì kékeré ni? Ẹ̀yin ará Marina lẹ fẹ́ràn gírámà jù. Obahiagbon nìkan la gbà láyè kó máa sọ irú ẹ̀, òun náà látọdún 2007 sí 2011 tó fi wà nílé aṣojú-ṣòfin l'Abuja, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó mọ ohun tó sọ.

Àmọ́ mo jókòó síbí o, mò ń retí èsì, torí èmi náà ti máa ń lò ó, kẹ́ ẹ sì má fi mí ṣẹ̀sín, mo rò pé ẹni tínú ń bí ló túmọ̀ sí.

Tíṣà Yaba

Ó ti di ìtumọ̀ mẹ́ta nìyẹn o, ẹ ṣeun Ọmọ Ìdúmọ̀tà.

Àbẹ̀kẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ ìtumọ̀ tó dàgbà jù la fẹ́ fi dájọ́, ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kí ọ̀gá yín má baà ní mò ń gbè sẹ́yìn yín. Látíìnì ni wọ́n ti mú un, ọ̀rọ̀ méjì ni, non àti plus. Plus yẹn náà ni plus tí àwọn ọmọ wa ń kọ láàrin nọ́ńbà tí wọ́n bá ń ṣírò, ìtumọ̀ ẹ̀ ni jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí non bá ti jókòó síwájú ẹ̀ ó di pé kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ibi tọ́rọ̀ dé dúró nìyẹn. Láàrin 1580 sí 1590 làwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, kì í sì í ṣe bá a ṣe ń lò ó lónìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, wọ́n á ní lágbájá wà "at a nonplus", bí ẹni tó wọ àdúgbò kan tó wá rìn dé ìdí ògiri, iwájú ò ṣeé lọ. Láìpẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe, pé ẹnì kan nonplus ẹnì kejì, ìyẹn ni pé ó bi í ní nǹkan tàbí ó fi nǹkan hàn án tí gbogbo ohun tó fẹ́ sọ fi tán pátápátá.

Ẹ rí i pé kì í ṣe ìyàlẹ́nu lásán. Nǹkan lè ya èèyàn lẹ́nu kó ṣì máa dún bí ẹyẹ ìbákà. Ẹni tó nonplussed ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti gbẹ lẹ́nu ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ náà ò mọ ohun tó máa dì mú. Bàbá tó ń wo fáànù yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu tó o.

Ìtumọ̀ kejì, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, ó sì ti kọjá ọdún 1900 dáadáa kó tó gbilẹ̀. Ohun tó fà á ò le. Èèyàn rí non níwájú ọ̀rọ̀, ó rántí non-stop, ó rántí non-smoker, ó ní ṣebí "kò" ni non, a jẹ́ pé ẹnì kan wà tó plussed, tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, èyí tó wá nonplussed, ara tiẹ̀ balẹ̀ nìyẹn. Kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ plussed láyé yìí! Díkíṣọ́nárì Merriam-Webster tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà kọ ìtumọ̀ méjèèjì, àwọn Oxford náà kọ ọ́ ṣùgbọ́n wọ́n fi àmì sí èkejì pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà ọ̀hún ni. Torí náà díkíṣọ́nárì yín ò purọ́, ọ̀gá yín náà ò purọ́.

Irú ẹ̀ wà lójú títì wa níbí. Ẹ wo àwọn tánkà epo tó ń ti Àpápá jáde, ohun tí wọ́n kọ sídìí wọn gàdàgbà ni highly inflammable. In tó wà níwájú yẹn kì í ṣe "kò", inflammare ni Látíìnì pè é, kí wọ́n ti iná bọ nǹkan. Àmọ́ ẹni tó mọ incorrect, tó mọ incomplete, tó wá ka inflammable, ṣé kò lè rò pé iná ò lè mú un ni? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rí sí ìdènà iná ní Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n yáa máa kọ flammable. Ti tánkà ń pa èèyàn, ti Àbẹ̀kẹ́ kòtéṣọ̀n nìkan ló bà jẹ́.

Nǹkan kan tún wà, èrò tèmi nìyí o. Ẹni tọ́rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀ àti ẹni tọ́rọ̀ ò kàn, tẹ́ ẹ bá wò wọ́n láti ọ̀kánkán, ojú kan náà ni wọ́n ní. Àwọn méjèèjì dákẹ́. Àwọn méjèèjì ń wo fáànù. Ẹni tó ń wò wọ́n ló máa yan èyí tó wù ú.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Chai. Ojú kan náà ni wọ́n ní. Ìyẹn ni pé gbogbo bí ìyàwó mi ṣe ń dákẹ́ tí mo bá ti ṣẹ̀ ẹ́, tí mo rò pé ó ti gbàgbé…

Bàbá Oyíngbò

Mo kí yín ẹ̀yin ọmọ. Tíṣà, o kú iṣẹ́, o ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Nígbà tiwa Látíìnì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dán wa wò ní sẹ́kọ́ńdírì, amo amas amat, tó o bá ṣì í pẹ́nrẹ́n pàṣán á bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ àmọ́ non plus yìí ò lè kúrò lórí mi láé, torí ìtàn tí tíṣà wa sọ mọ́ ọn.

Ẹnu òkun tóóró kan wà láàrin Spain àti Morocco, Gibraltar ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará àtijọ́ gbà pé ibẹ̀ layé parí sí, wọ́n ní òpó méjì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti Hercules alágbára, ìtàn sì sọ pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé non plus ultra, kò sí nǹkan kan níwájú ibí yìí mọ́, ẹ padà sílé yín. Ká ṣáà sọ pé ẹni tó bá fi ọkọ̀ dé ibẹ̀ ti nonplussed ní tààrà. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá gba ibẹ̀ kọjá lọ, ọkọ̀ wọn dé Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn òpó yẹn ju ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ni Charles Karùn-ún tó jọba ní Spain bá mú Plus Ultra ṣe ọ̀rọ̀ àmì tiẹ̀, non ti lọ, ó ku jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá wo àmì orílẹ̀-èdè Spain títí dòní, òpó méjì yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn.

Non kékeré ló ń dá ọkọ̀ dúró láti ayébáyé, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ. Plus yẹn náà ló wà nínú surplus o, ohun tó lé. Ìdí nìyẹn tó fi ń pa mí lẹ́rìn-ín, ọ̀gá yín rí nonplussed, ó fi owó lé e.

Àbẹ̀kẹ́ Marina

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Tíṣà ẹ ṣeun. Mo ti ń rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì, wọ́n ti ń wò mí.

Ẹ wá gbọ́, mo fẹ́ mọ èyí tó máa jẹ́ ní Yorùbá gan-an, torí tó bá yé mi ní Yorùbá, màá mọ bí màá ṣe là á yé ọ̀gá. Ó yà á lẹ́nu ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn, àmọ́ Tíṣà ti ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni Gbàgádà

Ẹ má dá ọ̀gá yẹn lẹ́bi jù o, ẹ ṣe jẹ́jẹ́. Èmi náà gbé Maryland l'Amẹ́ríkà fún ọdún mọ́kànlá kí n tó padà sílé, gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ nonplussed níbẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni yẹn ò bìkítà, wọ́n á ní wọ́n jí dókítà lóru, ó nonplussed, ó wọ bàtà ẹ̀ ó sì lọ. Mi ò mọ̀ pé òmíì wà títí di òní tí mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, mo sì kàwé o. Tí gbogbo àwọn tó yí èèyàn ká bá ń sọ ọ́ báyìí kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ṣé kó máa gbé Látíìnì kiri ni? Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ti ẹni tó ń sọ ọ́ báyìí ni. Tí mo bá ní kí ẹ padà sí bí wọ́n ṣe ń lò ó ní 1580 ẹ máa wọ aṣọ wọn náà ni?

Tíṣà Yaba

Ẹni Gbàgádà, mo gbà pẹ̀lú yín dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ ń ṣípò, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Nice tá a ń pe ọmọ dáadáa yìí, nescius ni Látíìnì tó ti wá, ẹni tí ò mọ nǹkan kan, nígbà tí gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbà á òmùgọ̀ ni wọ́n ń fi í pè. Lónìí tí mo bá pè yín ní nice ẹ ò ní bá mi jà.

Ibi tí mi ò ti bá yín lọ nìyí. Nice ti kó kúrò nílé àkọ́kọ́, ó ti kọ́ ilé tuntun, gbogbo èèyàn sì mọ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Nonplussed ń sanwó ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń wá a lọ sí Yaba ò ní bá a tó bá wà ní Lẹ́kí. Níbí tí gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé wa ti wá láti ìlú ọba, tí gẹ̀ẹ́sì tẹlifíṣọ̀n wá láti Amẹ́ríkà, inú ọ́fíìsì kan náà lẹ máa ti bá onílé méjèèjì. Èmi kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ ọ́ mọ́, kì í ṣe pé ó burú, wọ́n á ṣáà mú un lọ ibi tí mi ò sí láti ṣàlàyé.

Ìyá Ìbejì Èbúté Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i, ti Yorùbá ni tèmi. Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi, má lo ó yà á lẹ́nu. Ìyẹn fúyẹ́ jù. Tí nǹkan bá yà mí lẹ́nu màá kígbe háà, màá pe ará ilé, ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ lẹ́nu mi. Ó ṣe mí ní kàyéfì náà ò ṣe é, kàyéfì lè dùn, mo lè rí i kí n máa rẹ́rìn-ín. Ó rú mi lójú, ìyẹn bí ìṣírò tó le, mò ń wò ó, mi ò rí ìdí ẹ̀, àmọ́ mo ṣì ń wò ó. Ṣìbáṣìbo náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ṣìbáṣìbo bá kì í jókòó, ẹ ti rí ẹni tí ọkọ̀ gbé kọjá ibi tó ń lọ ní Òṣòdì rí, tó sọ̀kalẹ̀ sáàrin èrò, tó lọ síhìn-ín, tó padà, tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì kan, tó tún bọ́ sílẹ̀. Ṣìbáṣìbo nìyẹn. Bàbá oníhòtẹ́ẹ̀lì kò kúrò lórí àga.

Èyí tó jẹ́ tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹ fetí sí i dáadáa ẹ ó gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀: ọ̀rọ̀ pa èsì, ó sì jẹ ẹ́. Èsì tó yẹ kó jáde lẹ́nu ẹ, ọ̀rọ̀ tó o gbọ́ ti pa á, ó ti fi ṣe oúnjẹ. Kí ló tún kù tó o fẹ́ sọ? Non plus náà nìyẹn, kò sí mọ́, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ṣe mí rí ní ọjà Oyíngbò. Mo na ọwọ́ sí tòmátò mo béèrè iye tí wọ́n ń ta bẹ́íntì kékeré yẹn, obìnrin yẹn dá mi lóhùn, mo sì dúró síbẹ̀ tí mo na ọwọ́ yẹn sókè bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró. Mi ò nájà. Mi ò bú u. Èmi tí ẹnu mi mú! Ó bi mí ṣé n ò rà á ni, mi ò tiẹ̀ lè dá a lóhùn. Mo kàn rí i pé ẹsẹ̀ ti gbé mi dé ìdí ẹlẹ́ja.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Màmá ẹ kú ọ̀rọ̀, àmọ́ èmi ò gbà tán o. Tíṣà ní kò sí ohun téèyàn máa sọ ÀTI ohun téèyàn máa ṣe. Pèsì jẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ tojú sú mi ló kó méjèèjì pọ̀. Ẹni tọ́rọ̀ tojú sú ò mọ ohun tó máa sọ, kò mọ ohun tó máa ṣe, kò tiẹ̀ mọ ẹni tó máa pè. Ọ̀rọ̀ yẹn ti yọ ẹ̀ka, kò mọ èyí tó máa dì mú. Ẹ̀yin lẹ ní ọwọ́ yín wà lókè. Ọwọ́ yín ló tojú sú, kì í ṣe ẹnu yín.

Ìyá Ìbejì Èbúté Mẹ́ta

Ọwọ́ kì í tojú sú èèyàn, ọ̀rọ̀ ló ń tojú súni. Lọ bi àwọn àgbà.

Bàbá Oyíngbò

Wọ́n ti bi àwọn àgbà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbà á. Ti bàbá oníhòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ, nítorí iye owó kan ṣoṣo ló rí, kò sí ẹ̀ka kankan níbẹ̀. Ti Àbẹ̀kẹ́ tí ọ̀gá ń pè níhìn-ín, tí kọ́sítọ́mà ń pè lọ́hùn-ún, ìyẹn lọ̀rọ̀ tojú sú.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ìtumọ̀ ti Amẹ́ríkà yẹn ẹ ò ní wá ọ̀rọ̀ jìnnà: kò ta á lára, ó tán.

Pásítọ̀ Bàríga

Ẹ kú ìjókòó o. Mo gbọ́ ti Látíìnì, ẹ jẹ́ n mú ti Gíríìkì wá. Nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 4 ẹsẹ 8, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní a ń dààmú ṣùgbọ́n a ò sọ ìrètí nù, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò fún dààmú yẹn ni aporoumenoi. "A" tó wà níwájú ni "kò", poros ni ọ̀nà téèyàn lè gbà kọjá. Ẹni tí ò rí ọ̀nà gbà. Bí ẹni tó ti gun Third Mainland tó wá rí i pé ọkọ̀ iwájú dúró pa, tẹ̀yìn náà ti dí, omi lọ́tùn-ún omi lósì, ilé ń wò ó níwájú, kò ṣeé dé. Ó jọ pé ibi yòówù kéèyàn gbé sọ gẹ̀ẹ́sì tàbí Gíríìkì tàbí Látíìnì, ẹni tí nǹkan tojú sú, ọ̀nà ló pòórá mọ́ ọn lójú.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Pásítọ̀ mo wà lórí Third Mainland báyìí tí mò ń tẹ èyí, nínú dáńfó o, èmi kọ́ ni mò ń wakọ̀. Mo nonplussed. Ẹ yan èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́.

Tíṣà, bóyá kẹ́ ẹ fún wa ní àwọn tó kù, discombobulate ńkọ́, bamboozle ńkọ́, Látíìnì náà ni?

Tíṣà Yaba

Discombobulate ò ní Látíìnì kankan nínú, aṣọ Látíìnì lásán ló wọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàrin 1830 sí 1840, ìgbà yẹn wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa to ọ̀rọ̀ gígùn jọ tó máa dún bíi ti ọ̀mọ̀wé. Ní pápákọ̀ òfuurufú Milwaukee l'Amẹ́ríkà wọ́n tiẹ̀ gbé bọ́ọ̀dù kan kọ́ sí ibi téèyàn ti ń wọ bàtà àti bẹ́líìtì padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ara ẹ̀ wò, wọ́n kọ Recombobulation Area síbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba Ìkẹjà rìnrìn àjò rí, tó gbé bàtà kan lọ́wọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ kan tó ń wá fóònù ẹ̀, ó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n bá wa gbé irú bọ́ọ̀dù yẹn wá.

Bamboozle, kò sí ẹni tó mọ ìdílé ẹ̀ dájú, ó ṣáà yọ sáàárín ìgboro London lẹ́yìn 1700. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jonathan Swift bínú sí i gan-an ní 1710, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba gẹ̀ẹ́sì jẹ́, ó tún bínú sí mob. Mob àti bamboozle wà títí dòní, kò sí èyí tó gbọ́ tiẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni astonish. Látíìnì ni ìyẹn ní tòótọ́, tonare tó wà nídìí ẹ̀ ni kí àrá sán. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ gẹ̀ẹ́sì ẹni tó bá astonished lẹni tó dà bíi pé àrá sán lù.

Bàbá Oyíngbò

Káwòó! Ìyẹn kì í ṣe ìyàlẹ́nu mọ́, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ Ṣàngó.

Ẹni Gbàgádà

Màá kúkú máa lò ó bí mo ṣe ń lò ó o, àmọ́ mo ti mọ̀ báyìí pé kí n má kọ ọ́ sí ẹni tí mi ò mọ ibi tó ti kàwé. Àbẹ̀kẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ará Maryland kan ní kó má bínú.

Àbẹ̀kẹ́ Marina

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti fèsì o. Mi ò sọ ti Látíìnì fún ọ̀gá rárá, mo kọ ọ́ pé bàbá yẹn ò lè sọ̀rọ̀ nígbà tó rí owó yẹn, pé a mu mọ́ọ̀tì tán kò ṣì sọ̀rọ̀, mo wá fi àwọn díkíṣọ́nárì méjèèjì sábẹ́ ẹ̀ kó fojú ara ẹ̀ rí i. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ara mi ò lélẹ̀. Nígbà tó máa jáde látinú ọ́fíìsì ẹ̀ ó ní "Àbẹ̀kẹ́, ṣé bàbá yẹn yọ awò lóòótọ́?" Mo ní ó yọ ọ́ sà. Ó ní ó tún un wọ̀? Mo ní ó tún un wọ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ká yọ owó gbígbé ẹrù àti ti wáyà kúrò, kí èmi fúnra mi gbé pépà yẹn padà lọ sí Súrùlérè ní Tọ́sìdeè lọ bẹ bàbá.

Tíṣà ìbéèrè kan ló kù, ṣé s méjì ni àbí ọ̀kan? Ọ̀gá ní mo tún kọ ọ́ ṣì.

Tíṣà Yaba

S méjì lẹ kọ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ ọ̀kan nígbà míì. Ẹ má bá a jà lórí ìyẹn.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Sísí, ra mọ́ọ̀tì tìẹ dání ní Tọ́sìdeè o. Wọn ò ní gbé e wá lọ́tẹ̀ yìí.